Ìtàn Bí Ire Ìlú Ṣe Di Ọ̀ràn Ẹni Tí Ń Tajà fún Ilé Ìwòsàn Ìjọba



Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ ta oògùn, àga tàbí aṣọ ìbùsùn fún ilé ìwòsàn ìjọba, ohun méjì ni wọ́n máa ń bi í: èló ni yóò gbà, ọjọ́ wo ni ọjà yóò sì dé? Lónìí ìbéèrè kẹta ti wọ̀ ọ́: ire wo ni àwọn ará ìlú yóò rí nínú owó ìlú tí a fẹ́ kó fún ọ? Ìbéèrè yìí ń dá àwọn ènìyàn wa padà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan ní Òkukù níhìn-ín, àwọn mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe pé wọn kò ṣe ire. Ìbéèrè náà ni ó ń bá wọn lójijì. Nítorí náà ni mo ṣe rò ó pé ó yẹ kí n tọ ìtàn rẹ̀ láti ìdí wá.

Ní oṣù kejì ọdún 1891 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu pé ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ san ọ̀yà tí ó kéré sí èyí tí àwọn oníṣẹ́ irú rẹ̀ ń gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ń du iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí iye owó tirẹ̀ bá kéré jù ni ó ń mú un, ọ̀yà lébìrà ni ó sì ń gé kí ó tó rí èrè. Wọ́n tún ìpinnu náà ṣe ní 1909 àti ní 1946. Ní 1949, ILO, àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ayé, sọ ọ́ di àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 94. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà á ní oṣù kẹwàá 1960, oṣù náà gan-an tí a gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti ń yí: ní 1982, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yọwọ́ kúrò nínú àdéhùn náà, ìpinnu ọ̀yà fúnra rẹ̀ sì kógbá sílé ní 1983. Òfin wọn ti 1988 tilẹ̀ kà á léèwọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti wo ohun tí kì í ṣe ti òwò nígbà tí wọ́n bá ń gbé iṣẹ́ fún ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn wà títí aṣòfin kan tí ń jẹ́ Chris White fi gbé àbá wá sí Ilé. Àbá náà di òfin ní oṣù kẹta 2012, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2013. Ohun tí ó sọ ni pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ bí ìmọ́tótó, oúnjẹ sísè tàbí ìtọ́jú aláìsàn jáde kọ́kọ́ rò ó wò, bí iṣẹ́ náà ṣe lè tún ìgbé ayé àdúgbò ṣe. Ríròó wò náà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2022, NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìlera tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù keje 1948, sọ ríròó wò di máàkì: ó kéré tán 10 nínú 100 fún ire àwùjọ àti fún dídín èéfín tí ń mú ayé gbóná kù. Olùkọ́ ni mí. Mo ti rí ọmọ tí máàkì méjì péré dá padà, nítorí náà ẹ má ṣe fojú kékeré wo mẹ́wàá.

Èéfín yìí ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2023, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn lórí iye èéfín tí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ ń tú jáde, àti bí yóò ṣe dín in kù. Láti 2024 ni ó ti kan àwọn oníṣẹ́ kéékèèké pẹ̀lú, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní 2045 ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn. Ire tí wọ́n ń fún ní máàkì ni èyí tí ó ti inú iṣẹ́ náà gan-an jáde: mélòó nínú àwọn aláìníṣẹ́ àdúgbò ilé ìwòsàn náà ni ẹ ó gbà, ta ni yóò kọ́ wọn, oṣù wo, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ṣẹ? Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé láti tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe dára púpọ̀, a sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní máàkì kankan níbẹ̀. Ìlérí ńlá tí kò ní ọjọ́ kò sì tó ìlérí kékeré tí ó ní i.

Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ìgbéṣẹ́jáde ìjọba àpapọ̀ ti 2007 kò pín máàkì mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó béèrè ẹ̀rí pé olùtajà ti san owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ààbò òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa dá náírà kan sílẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún tí ó bá san lówó oṣù, nítorí ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 sọ pé ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti pé 15, kí ọ̀gá dá mẹ́wàá, kí òṣìṣẹ́ dá mẹ́jọ. Àwọn ilé ìwòsàn àpapọ̀, irú èyí tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, wà lábẹ́ òfin 2007 yìí. Èyí tí ó tún sún mọ́ wa jù ni òfin ìlera 2014, tí ó ya ó kéré tán 1 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Apá kan nínú rẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ilé ìlera wọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ ará àdúgbò sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lórí bí wọn yóò ṣe ná an. Ibẹ̀ ni káfíńtà àti aránṣọ tiwa lè gbé kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Bí ọ̀ràn náà ṣe kàn mí nìyí. Arábìnrin kan tí ń ránṣọ ní ìlú wa gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ti àpótí tẹ́ńdà ilé ìwòsàn kan. “Tíṣà, ẹ bá mi wò ó,” ni ó wí. Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ òṣìṣẹ́, rìsíìtì owó tí ó san lórí wọn, àti àwọn tí ó ti kọ́ níṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ni ó ti gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, méjì nínú wọn aláìlóbìí tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ìwé kan. Ẹlòmíràn ni ó gba iṣẹ́ náà.

Ìlú olóríkì ni Òkukù. Ọ̀mọ̀wé Karin Barber, tí ó gbé láàárín wa ní àwọn ọdún 1970, kọ ìwé lórí oríkì wa tí ó jáde ní 1991, àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun sì ń kà á títí dòní. Àwọn obìnrin wa mọ ẹni tí ó ṣoore, wọn yóò sì kì í dé ìran kẹta. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tẹ́ńdà kò gbọ́ oríkì. Ìwé ni wọ́n ń kà, ìwé tí a sì kọ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kì í ṣe èyí tí a kó jọ ní ọjọ́ márùn-ún.

Ní ọjọ́ kejì tí èsì dé, arábìnrin náà rán ọmọ kan sí mi pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ títún, pé kí n bá òun fa ìlà sí i. Ìlà mẹ́fà ni mo fà: orúkọ, àdúgbò, ọjọ́ tí ó dé, ohun tí ó kọ́, owó tí a san, ọjọ́ tí ó parí. Orúkọ àwọn mọ́kànlá náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn méjì ni a ṣì ń wá ọjọ́ fíríìdọ̀mù wọn.