Ipò Fáíbà nínú Ìtàn Ìwádìí Oúnjẹ Ẹmọ́ Òyìnbó, 1907 sí 1953

Ẹranko kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guinea pig, tí iṣẹ́ yìí pè ní ẹmọ́ òyìnbó, jẹ́ ẹran ọ̀sìn àwọn ará òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn olùwádìí tó gbà pé fáíbà, ìyẹn apá líle ara ewéko tí omi inú ìfun kò lè dà, kì í ṣe pàǹtí lásán fún un.

Ní ọdún 1907, ní Christiania tí í ṣe Oslo òde òní, Axel Holst àti Theodor Frølich fi ọkà àti búrẹ́dì nìkan bọ́ ẹmọ́ òyìnbó. Àrùn scurvy ni ó kọlù wọ́n. Ewébẹ̀ tútù sì ni ó ń dènà rẹ̀. Nígbà tí a dá fítámìn C mọ̀ ní ọdún 1932, ìdí rẹ̀ hàn: ara ẹran yìí, gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn, kò lè pèsè fítámìn náà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, fítámìn ni ọ̀pọ̀ olùwádìí tẹjú mọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn yọjú. Eku a máa dàgbà lórí oúnjẹ àpòpọ̀ tí a fi pùròtéènì inú wàrà, ṣúgà, òróró, iyọ̀ àti fítámìn ṣe. Ẹmọ́ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, Woolley àti Sprince ṣàlàyé pé àwọn èròjà tuntun kan ni ó kù. Ní ọdún 1949, Booth, Elvehjem àti Hart ní Yunifásítì Wisconsin fi hàn pé ohun líle tí ń kún inú ṣe pàtàkì fún ìdàgbà rẹ̀. Nínú oúnjẹ àpòpọ̀ tí Reid àti Briggs gbé jáde ní ọdún 1953, selulóòsì kó ìdá 15 nínú 100.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹ̀dá ẹran náà. Ó ní ìfun kan tí ó tóbi bí àpò, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ fáíbà di ásíìdì tí ara ń lò fún agbára. Eyín rẹ̀ kì í sì í dẹ́kun híhù. Rírún koríko ni ó ń bù ú kù.

Àwọn olùwádìí ìṣáájú dà bí ẹni tí ó sẹ́ ògì tí ó da èèrí nù, láìmọ̀ pé èèrí gan-an ni ẹran rẹ̀ ń retí. Nítorí náà, níbikíbi tí ìwé àtijọ́ bá ti ka àìdàgbà ẹmọ́ òyìnbó sí àìtó fítámìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ òpìtàn ni pé: fáíbà mélòó ni ó wà nínú oúnjẹ náà?