Ìlà Kejì, Ìpínrọ̀ Kẹfà

Aago 4:10 ìdájí. Ìbàdàn, oṣù Kẹta, ọdún 2018. NEPA ti mú iná lọ láti alẹ́ àná. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, lẹ́yìn òru tó fi ń ṣu tó sì fi ń bì. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ike omi oní-lítà kan wà lórí àpótí, ó ti ku ìdajì. Agolo mílíìkì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí wà níbẹ̀, páálí ṣúgà wà níbẹ̀, àti ṣíbí kékeré kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà. Ara rẹ̀ ti rọ̀.

Aago 5:25. Bátìrì fóònù ku ìdá mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti ń kọ̀wé sórí Steemit, ìkànnì tí Ned Scott àti Dan Larimer dá sílẹ̀ ní 2016. Níbẹ̀, ìbò ni owó. Bí ìbò bá ṣe ń wọlé fún àpilẹ̀kọ ni owó rẹ̀ ṣe ń gòkè, tó bá sì di ọjọ́ keje, wọ́n á san án. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ló wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Òun ń fi tirẹ̀ ra oúnjẹ ọmọ.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ìpínrọ̀ méje ni. Ó kọ bí ọmọ ṣe kọ́kọ́ bì, bó ṣe lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, bí ilé oògùn ṣe tì pa. Ìpínrọ̀ karùn-ún sọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ lórí fóònù láago méjì òru. Ìpínrọ̀ kẹfà sọ ohun tó pò fún ọmọ mu. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ọwọ́ kan ló fi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ti jí, ọwọ́ kejì ló fi ń gbá a lẹ́yìn.

Aago 6:40. Ó gbé e jáde. Kò tún un kà. Lórí Steem, ètò tí Steemit dúró lé, gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kò ṣeé fà ya, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ yìí fi ṣeé tò láti aago dé aago.

Aago 6:43. Rọ́bọ́ọ̀tì kan kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wò ó bóyá wọ́n jí ọ̀rọ̀ náà kọ. Ó fi í wé àwọn ojú ewé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí èyí tó jọ ọ́. Ó kọjá lọ. Bóyá ohun tí wọ́n kọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Aago 7:08. Ìbò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gbọ̀n nìyí. Òfin Steem nígbà náà ni pé ẹni tó bá dìbò kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé yóò pàdánù lára èrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì pẹ́ jù, àwọn mìíràn á ti ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá pín owó àpilẹ̀kọ sọ́nà mẹ́rin nígbà náà, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó dìbò, ẹni tó bá sì ṣáájú èrò ló ń jẹ jù. Kò sí ẹni tó lè máa ṣọ́ irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nítorí náà wọ́n gbé ìdìbò lé rọ́bọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Wọ́n ka orúkọ àwọn olóǹkọ̀wé fún un, wọ́n sọ ìṣẹ́jú fún un, wọ́n lọ sùn.

Aago 7:09. Àkáǹtì ńlá kan dìbò. Kí ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá tó pé, àkáǹtì 47 ti tẹ̀ lé e. Wọ́n ti so ara wọn mọ́ ọn. Ohun tó bá yàn ni wọ́n ń yàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àpilẹ̀kọ náà yóò lo ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Aago 8:30. Ọmọ mu ògì díẹ̀. Kò bì í.

Aago 9:05. Ìyá náà fi SBD márùn-ún, owó orí ìkànnì náà, ránṣẹ́ sí rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń ta ìbò. Ó fi àdírẹ́sì àpilẹ̀kọ rẹ̀ sínú ìwé owó náà. Ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì náà ń béèrè kò ju méjì lọ: èló ni, àpilẹ̀kọ wo ni.

Aago 9:28. Rọ́bọ́ọ̀tì náà dìbò. Ìbò kan tó kún máa ń mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún agbára àkáǹtì lọ, agbára náà sì ń padà ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ìbò kan ni ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Bó ṣe ń mí nìyẹn. Láago 9:28, iye owó abẹ́ àpilẹ̀kọ náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aago 11:52. Ó tún dìbò, fún àwọn mìíràn tó sanwó.

Aago 2:16 ọ̀sán. Ó tún dìbò.

Aago 2:31. Rọ́bọ́ọ̀tì kejì, tó gba SBD mẹ́rin, dá ìbò tirẹ̀ sí i. Àpilẹ̀kọ tówó rẹ̀ bá pọ̀ ni Steemit ń gbé sókè. Eléyìí di ìkẹta lójú ewé ọ̀rọ̀ ìlera. Ìbò 163. Ìdáhùn mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ méjì kan náà sì ni: àpilẹ̀kọ dára.

Aago 4:40 ìrọ̀lẹ́. Rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tún mí.

Aago 4:52. Ìdáhùn kejìlá wọlé. Èyí gùn. Ẹni náà kọ ọ́ pé òun rí i bí èèyàn tó pọ̀ tó báyìí ṣe fọwọ́ sí i. Ó ní ọmọ àbúrò òun ti ń ṣu láti àná, wọ́n sì jìnnà sí ọsibítù. Ó ní òun ti da ìpínrọ̀ kẹfà kọ, òun sì ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun.

Ìyá ọmọ kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dìbò fún ìdáhùn náà.

Aago 7:04 alẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé láti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú báàgì ẹ̀lùbọ́. Kò tíì jókòó tó fi gbé ọmọ. Ó fa awọ ikùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó wo bó ṣe padà. Ó ní omi ti ń padà sára rẹ̀.

Aago 8:30. Ìyá ọmọ sanwó fún rọ́bọ́ọ̀tì kẹta. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ ìyẹn. Yóò di òru kó tó kàn án.

Aago 9:28. Ìbò 214.

Aago 9:40. Màmá ń po omi tuntun sílẹ̀ de òru. Ó bu iyọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ẹnu ṣíbí kó lè dọ́gba.

“Ìyàwó, kí lo ń tẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé?”

“Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ni mo kọ, mà. Àwọn èèyàn ti rí i gan-an.”

“Kà á fún mi gbọ́.”

Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Màmá ń mi orí. Ní ìpínrọ̀ karùn-ún, tó gbọ́ ti ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ìpínrọ̀ kẹfà. Ìlà kìíní: lítà kan omi tí wọ́n ti sè, tó sì ti tutù. Ìlà kejì: ṣíbí iyọ̀ mẹ́fà, ààbọ̀ ṣíbí ṣúgà.

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ike.

“Tún un kà.”

Ó tún un kà. Kò parí rẹ̀.

“Ṣúgà ni mẹ́fà,” Màmá ní. “Iyọ̀ ni ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe pò ó lóru, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ṣì í kọ ni.”

“Èèyàn mélòó lo ní ó ti rí i?”

“Igba ó lé mẹ́rìnlá, mà.”

“Nínú gbogbo wọn, ta ló kà á?”

Aago 10:06. Ó ṣàtúnṣe rẹ̀: ṣíbí ṣúgà mẹ́fà, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí dọ́gba ẹnu. Iyọ̀ tó pọ̀ tó ti àárọ̀ yẹn a máa fa omi kúrò lára ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ó lè mú gìrì wá. Ó lè pa á. Ti tẹ́lẹ̀ kò hàn lójú ewé mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ tí kò ṣeé fà ya. Ìbò 214 kò dín. Bí wọ́n ṣe fara mọ́ àṣìṣe ni wọ́n ṣe fara mọ́ àtúnṣe.

Aago 10:11. Ó kọ̀wé sábẹ́ ìdáhùn kejìlá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àbúrò yín, ẹ má fún ọmọ náà mu, àṣìṣe ni. Kò sí èsì.

Aago 10:50. Ó tún kọ ọ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwọn mọ́kànlá yòókù náà. Ẹnì kan fèsì lójú ẹsẹ̀. Àpilẹ̀kọ dára.

Aago 11:30. Ọmọ sùn. Màmá jí sílẹ̀, ó jókòó tì í. Bátìrì ku ìdá mẹ́sàn-án. Ìyá ọmọ ń ṣí ojú ewé náà, ó ń pa á dé, ó ń tún un ṣí.

Aago 11:52. Nǹkan tuntun wọlé. Ó fò dìde.

Ìbò ni.