T-34 àti Panther: Bí A Ṣe Lè Díwọ̀n Ìdára Ohun Ìjà nínú Ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì

Ìfáárà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìtàn bá dé orí Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945), àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè pé, nínú àwọn táǹkì tí wọ́n fi ja ogun náà, èwo ni ó dára jù? Ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé èyí tí ìbọn rẹ̀ lágbára jù, tí irin ara rẹ̀ sì nípọn jù ni. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò kún tó. A ó fi T-34 tí Sófíẹ́ẹ̀tì rọ wé Panther tí Jámánì rọ, kí ó lè hàn pé ojú ogun nìkan kọ́ ni a ti ń díwọ̀n ohun ìjà. A gbọ́dọ̀ wo ilé-iṣẹ́ tí ó ń rọ ọ́, ọwọ́ tí ó ń tún un ṣe, àti ẹ̀mí àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀.

T-34

Mikhail Koshkin ni ó ṣáájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán T-34 ní ìlú Kharkov. Ọdún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, ọdún náà gan-an ni Koshkin sì kú. Ọkọ̀ náà wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 26. Ẹnu ìbọn rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 76. Irin iwájú ara rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà 45 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e dagẹ̀rẹ̀. Ọta tí ó bá bà á lè yọ̀ kọjá. Bí kò bá sì yọ̀, irin tí yóò là kọjá yóò gùn ju bí a ti rọ ọ́ lọ. Ẹ̀wọ̀n irin tí ó fi ń rìn fẹ̀, nítorí náà kò tètè rì sínú ẹrẹ̀ tàbí yìnyín.

Síbẹ̀, ó ní àléébù. Ènìyàn méjì péré ni ilé ìbọn orí rẹ̀ gbà. Ọ̀gá ọkọ̀ ni ó ń wo ojú ogun, òun náà ni ó tún ń yìnbọn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní rédíò ní 1941. Nígbà tí Jámánì kọlu Sófíẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún náà, ọ̀pọ̀ T-34 ni ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tí àwọn ọmọ ogun sì fi wọ́n sílẹ̀.

Panther

Pẹ̀lú gbogbo àléébù wọ̀nyí, T-34 ba Jámánì lẹ́rù. Lẹ́yìn ìjà tí ó wáyé nítòsí Mtsensk ní oṣù Kẹwàá 1941, ọ̀gágun Heinz Guderian béèrè pé kí àwọn onímọ̀ wá fojú ara wọn rí ọkọ̀ náà. Ohun tí wọ́n rí ni ó bí Panther. Ilé-iṣẹ́ MAN àti Daimler-Benz ya àwòrán, ti MAN ni ìjọba sì mú ní 1942. Ẹnu ìbọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 75, ṣùgbọ́n ìbọn náà gùn, ọta rẹ̀ sì ń yára gan-an. Irin iwájú rẹ̀ tí ó dagẹ̀rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 80. Ènìyàn mẹ́ta ni ilé ìbọn rẹ̀ gbà, èyí tí ó fún ọ̀gá ọkọ̀ láàyè láti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kojú ara wọn ní gbalasa, Panther ni ó lékè.

Àmọ́, ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 30 sí 35 tí wọ́n kọ́kọ́ pète di nǹkan bí 45. Jíà tí ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò lè ru ẹrù náà. Ní Kursk, ní oṣù Keje 1943, nǹkan bí 200 Panther ni wọ́n kó lọ sójú ìjà. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, èyí tí ó ṣì lè jà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí ìbọn ọ̀tá, bọ́ǹbù inú ilẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́. Àwọn ọmọ ogun Faransé tí ó lo Panther lẹ́yìn ogun sọ nínú àbọ̀ wọn ní 1947 pé jíà náà kì í sábà lò ju nǹkan bíi kìlómítà 150 lọ.

Ìfiwéra

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Panther tí Jámánì rọ jẹ́ nǹkan bí 6,000. T-34 tí Sófíẹ́ẹ̀tì rọ títí ogun fi parí lé ní 50,000. Ní 1941 ni wọ́n tú ilé-iṣẹ́ Kharkov palẹ̀, tí wọ́n kó o lọ sí Nizhny Tagil lẹ́bàá òkè Ural, tí iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Wọ́n dín ohun tí kò pọn dandan kù, títí owó tí ọkọ̀ kan ń ná wọn fi sún mọ́ ìdajì ti 1941 nígbà tí ó di 1943. Ní 1944, wọ́n fi ìbọn mìlímítà 85 àti ilé ìbọn ẹlẹ́ni mẹ́ta tún àléébù àtijọ́ ṣe.

Kí a má sì rò pé Jámánì kàn ya òmùgọ̀ ni. Kò ní epo tàbí ènìyàn tí ó tó láti wa 50,000 ọkọ̀. Bákan náà, iye tí Sófíẹ́ẹ̀tì rọ kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìṣirò tí G. F. Krivosheev ṣe alákòóso rẹ̀, táǹkì oníwọ̀n àárín tí Sófíẹ́ẹ̀tì pàdánù lé ní 40,000, T-34 ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí ó rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò ni T-34. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ọmọ tí ó jóná sínú rẹ̀.

Ìkádìí

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé Panther dára jù lójú ẹni tí ó ń wo ìjà ọkọ̀ kan sí ọkọ̀ kan, T-34 sì dára jù lójú ìjọba tí ó fẹ́ borí ogun ọlọ́dún mẹ́rin. Lójú ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ìdáhùn lè yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé èwo ni ó dára jù, kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi í pé: fún ta ni, nígbà wo, kí sì ni wọ́n fi rà á? Bí a bá kọ́ ọmọ láti béèrè mẹ́ta wọ̀nyí, kì í ṣe ìtàn ohun ìjà nìkan ni ó kọ́. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń dá ẹjọ́ ìtàn.