Láti Abúlé Àrò Dé Orí Fóònù: Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ìkíni?

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, àwa méjì lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ìbògùn. Ibi tó ń gbé jìnnà díẹ̀ sí kíláàsì, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn ín nígbà tí owó ọ̀kadà bá wọ́n. Bí a ṣe ń ti ọjà bọ̀ nírọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi hàn wá: áàpù kan ń kí i kú oríire pé ó ti rin ìṣísẹ̀ 10,000 lọ́jọ́ yẹn. A bá a yọ̀, a ní, "O kú ìrìn o, ọ̀gá eléré ìdárayá!" Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé mo rìn. Kò mọ̀ pé n kò tíì jẹun láti àárọ̀."

Gbogbo wa jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa délé.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kì í ṣe oníṣègùn, a kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù. Ṣùgbọ́n ìtàn kò ṣàjèjì sí wa. Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí àwọn irinṣẹ́ yìí ti wá, àwọn irinṣẹ́ orí fóònù tó ń ṣọ́ ìṣesí ẹ̀dá, tí wọ́n ní àwọn yóò mú kí ara wa le, kí iṣẹ́ wa dára sí i, kí ìṣòro má sì tètè dá wa wó. Ibi tí ìtàn náà gbé wa dé yà wá lẹ́nu, nítorí pé apá tó dára jù nínú rẹ̀ wáyé ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, ní Àrò, l'Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ 10,000 yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà ló pa á láṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1964, ìdíje Òlíḿpíìkì wáyé ní Tokyo, eré ìdárayá sì gba àwọn ará Japan lọ́kàn. Ní 1965, ilé iṣẹ́ Yamasa gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ènìyàn lè so mọ́ ìbàdí láti ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pè é ní Manpo-kei, ìyẹn "ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ 10,000". Orúkọ tí wọ́n fi ta ọjà ni. Ìwádìí kọ́ ló bí i. Ìgbà tó di 2019 ni I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbà obìnrin 16,741. Wọ́n rí i pé ikú tó pa àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ kò pọ̀ tó ikú tó pa àwọn tó ń rin nǹkan bí 2,700, àti pé àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, kó tó wá dúró sójú kan. Ìrìn dára, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajé ló bí 10,000.

Ó wá ku Àrò. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ibi ìhámọ́ ni wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí. Ti Yábàá ṣí ní 1907. Ní 1944, wọ́n ṣí ti Lántòrò l'Abẹ́òkúta, nínú ilé tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tí Ogun Àgbáyé Kejì da orí wọn rú. Ẹ kíyè sí i: ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ṣe ilé ìtọ́jú.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lambo, tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham tó sì kọ́ ti ọpọlọ ní London, ló gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n gba yàrá fún un lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Aláìsàn kì í sì í dá wá. Ìbátan rẹ̀ kan, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa bá a fọṣọ, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lọ sóko, wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti kọ́kọ́ dé kí wọ́n tó wá bá òun. Ní Oṣù Kọkànlá 1961, àwọn onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ káàkiri Áfíríkà péjọ s'Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Lambo fúnra rẹ̀ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Tí a bá fi èdè òde òní sọ ọ́, irinṣẹ́ ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ni abúlé Àrò. Ó mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ń gbé, ẹni tó ń bá a jẹun àti iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe wà lára oògùn rẹ̀.

Apá kan tún wà tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an. Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì lọ sí àwọn abúlé àti apá kan ìlú Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè nípa oorun wọn, oúnjẹ wọn, ìrònú wọn. Ìwé tó jáde nínú iṣẹ́ náà ní 1963 sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí òyìnbó ń pè ní depression, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì rẹ̀ kan tó ṣàjèjì sí wọn: ẹkún àìdá, àìlèsùn, àárẹ̀ ara, ìrònú tí kò lópin. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ ìlera? Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, báwo ni yóò ṣe bèèrè rẹ̀?

Bí Àrò ti ń gbajúmọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT, l'Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Kò gbọ́n rárá. Ohun tí o bá kọ sí i ni yóò yí padà di ìbéèrè fún ọ. Tí o bá ní inú rẹ kò dùn, yóò bi ọ́ pé kí ló dé tí inú rẹ kò dùn. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, tó rí i nígbà tó ń ṣe é, bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jáde nínú yàrá kí òun lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ba Weizenbaum lẹ́rù. Ní 1976, ó kọ odindi ìwé láti kìlọ̀ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí ènìyàn gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti bá áàpù sọ̀rọ̀ ní agogo méjì òru mọ ohun tí akọ̀wé yẹn ń wá. Ẹ̀rọ kì í rojọ́ ẹni fún ìyá ẹni.

Ṣé kí a wá kó fóònù dànù ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kenya. Richard Lester àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn 538 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn kòkòrò HIV, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí apá kan: "Mambo?" Ìkíni Swahili ni, bí ẹní ń sọ pé, "Báwo ni nǹkan?" Kò sí ọ̀rọ̀ oògùn níbẹ̀ rárá. Aláìsàn ní wákàtí 48 láti dáhùn pé "Sawa", àlàáfíà ni, tàbí "Shida", ìṣòro wà. Nọ́ọ̀sì yóò pe ẹni tó bá ní ìṣòro wà, yóò sì pe ẹni tó bá dákẹ́. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, ìdá 62 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń kí ló ń lo oògùn wọn dáadáa, ìdá 50 péré nínú àwọn tí wọn kò kí. Fóònù lásán ni, kì í tilẹ̀ ṣe olówó ńlá. Ìkíni ló ṣiṣẹ́, àti ọwọ́ ènìyàn tó wà lẹ́yìn ìkíni náà.

Nílé níbí pẹ̀lú, a rí i ní 2014. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Keje, ọkùnrin kan tó ní Ebola bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Lọ́jọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ lo fóònù láti fi ìròyìn ránṣẹ́ kíákíá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹsẹ̀ rìn. Ènìyàn 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn ni wọ́n ń ṣọ́, abẹ́wò tí wọ́n sì ṣe láti ilé dé ilé tó nǹkan bí 18,500. Ìṣísẹ̀ tó yẹ ká kà nìyẹn.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè bi wá pé, ta ló lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí láti bá aláìsàn gbé abúlé fún oṣù mélòó kan? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn òbí wa wà l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n wa wà ní Kánádà, àwa wà nílé ìwé. Fóònù ló so wá pọ̀, ó sì máa ń dé ibi tí ìtìjú kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ dé. Òfin pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà ni: Oṣù Kìíní 2023 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, kí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí ìtàn yìí kàn fi yé wa ni pé irinṣẹ́ tó bá wúlò, ẹnìkan máa ń wà ní ìdí rẹ̀ tí yóò dìde nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ "ìṣòro wà".

Iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ áàpù tó wà lórí fóònù wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bèèrè bí ọkàn wa ti rí. Yorùbá tó ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn, kì í ṣe èdè tí kò lè bèèrè bí ọkàn ènìyàn ti rí. Tí àwọn ẹnjiníà Ìbògùn bá fẹ́ kọ ọ́, àwa la ó bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ní Ìfọ̀ tàbí Mówè yóò gbọ́ tí yóò sì dá lóhùn láìfi nǹkan pamọ́.

Kó tó dìgbà náà, a ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa ní Ìbògùn: "Ṣé o ti jẹun?" Tó bá di Ọjọ́rú tí kò dáhùn, a ó pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dáhùn pé, "Rárá o, ṣé ẹ ń bọ̀ ni?" A wọ mọ́tò, a sì lọ.