Ìtọpinpin ìkùnà ìtaari pákẹ́ẹ̀tì nínú kernel

Ìtọpinpin ìkùnà ìtaari pákẹ́ẹ̀tì nínú kernel ni iṣẹ́ wíwá ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti sọnù nínú kọ̀ǹpútà tó yẹ kí ó gbà á láti inú nẹ́tíwọ̀kì kan kí ó sì taari rẹ̀ sínú òmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé ètò kékeré kan tí a gbé sínú kernel ni ó ń ṣe ìtaari náà. Kernel ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: òun ni ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, òun náà ni ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù. Pákẹ́ẹ̀tì ni ìdì kékeré tí a máa ń pín ìsọfúnni sí kí ó tó rin orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ti ẹni tí yóò gbà á. Lórí Linux, eBPF ni a fi ń kọ irú ètò kékeré bẹ́ẹ̀, XDP sì ni ibi tí a sábà máa ń so ó mọ́ bí ìtaari bá gbọ́dọ̀ yá.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà le ni pé ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń sọnù wà ṣáájú ibi tí àwọn irinṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ máa ń wò.

Ìtàn

Steven McCanne àti Van Jacobson, ní Lawrence Berkeley Laboratory ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe BPF àkọ́kọ́. Ìwé wọn lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1993. Sísẹ́ pákẹ́ẹ̀tì fún irinṣẹ́ bíi tcpdump ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Alexei Starovoitov ló fẹ̀ ẹ́ di eBPF, èyí tí ó wọ Linux 3.18 ní ọdún 2014. XDP tẹ̀ lé e nínú Linux 4.8 ní ọdún 2016. Agbára láti taari pákẹ́ẹ̀tì láti káàdì kan sí òmíràn wọlé pẹ̀lú Linux 4.14 ní ọdún 2017, bpf_fib_lookup, tí ètò fi ń béèrè ojú ọ̀nà lọ́wọ́ kernel, sì dé pẹ̀lú 4.18 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2018 kan náà, Toke Høiland-Jørgensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìwádìí pé XDP lè ṣiṣẹ́ lórí pákẹ́ẹ̀tì tó tó mílíọ̀nù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àṣìṣe ojú ọ̀nà

Ìkùnà ìtaari kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àṣìṣe ojú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí aráàlú ń rí lójú fóònù rẹ̀ kì í yàtọ̀: ojú ìwé kò ṣí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2018, MainOne, ilé-iṣẹ́ kéébù abẹ́ òkun tí ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ṣèèṣì kéde fún China Telecom pé ọ̀nà sí ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì Google gba ọ̀dọ̀ òun kọjá. China Telecom gba ìkéde náà gbọ́, ó sì tàn án kálẹ̀. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 74, ọ̀pọ̀ pákẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sọ́dọ̀ Google yà gba Ṣáínà àti Rọ́ṣíà. MainOne fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àṣìṣe nínú ìṣètò asẹ́ BGP, nígbà tí wọ́n ń mú nẹ́tíwọ̀kì wọn gbòòrò sí i, ni ó fà á. Àwọn tó ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ òkèèrè tètè rí i, nítorí gbangba ni ìkéde ojú ọ̀nà ń wáyé. Ìkùnà inú kernel kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ojú ọ̀nà lè pé pérépéré, iná káàdì nẹ́tíwọ̀kì lè máa ṣẹ́jú, síbẹ̀ kí pákẹ́ẹ̀tì kankan má jáde.

Àpẹẹrẹ ìlú méjì

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, múlé gbe ara wọn. Ìlobùú ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Òrólú. A lè fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ká gbà pé kọ̀ǹpútà Linux kan wà láàárín wọn, ó sì ní káàdì nẹ́tíwọ̀kì méjì: eth0 kọjú sí Ìlobùú, níbi tí àdírẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.20.1, eth1 kọjú sí Ìfọ́n, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.20.2. Ètò XDP kan wà lórí eth0. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá dé, ètò náà á fi bpf_fib_lookup béèrè ojú ọ̀nà, á kọ àdírẹ́sì MAC tuntun sí i, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó kàn, á yọ oókan kúrò nínú TTL rẹ̀, á sì dá XDP_REDIRECT padà. Ẹnì kan ní 10.20.1.5 wá fi ping kan ilẹ̀kùn 10.20.2.9. Kò sí ìdáhùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi tcpdump wo eth0, wọn kò sì ní rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé pákẹ́ẹ̀tì kò dé. Nígbà tí XDP bá ń ṣiṣẹ́ nínú driver káàdì, ó ń ṣiṣẹ́ kí kernel tó di pákẹ́ẹ̀tì sínú sk_buff, inú sk_buff yìí sì ni tcpdump ń yẹ̀ wò. Pákẹ́ẹ̀tì tí a ti taari lọ kì í dé ibẹ̀ rárá. Ẹni tí kò mọ èyí á pààrọ̀ kéébù, á gun òpó lọ yí eriali, ọjọ́ á lọ, nígbà tí àìsàn náà wà nínú ìlà kóòdù kan ṣoṣo. Irinṣẹ́ tó yẹ níbí ni xdpdump, tí ó wà nínú àkójọ xdp-tools: ó ń wo pákẹ́ẹ̀tì bí ó ṣe ń wọ inú ètò XDP àti bí ó ṣe ń jáde, ó sì ń sọ ìdájọ́ tí ètò náà ṣe lórí rẹ̀.

Ìdájọ́ márùn-ún ni ó wà. XDP_ABORTED túmọ̀ sí pé ètò náà fúnra rẹ̀ kọsẹ̀. XDP_DROP ni jíjù nù. XDP_PASS ni fífà á lé kernel lọ́wọ́. XDP_TX ni dídá a padà gba káàdì tó bá wọlé. XDP_REDIRECT ni títaari rẹ̀ síbòmíràn. Kí a tó máa wádìí jinlẹ̀, ó dára kí a fi àṣẹ ip link set dev eth0 xdp off yọ ètò náà kúrò. Bí net.ipv4.ip_forward bá wà ní 1, tí ping sì wá ń lọ, a ti mọ̀ pé nínú ètò náà tàbí lójú ọ̀nà tó yàn ni àléébù wà, kì í ṣe lára kéébù.

Nígbà tí kernel kò mọ aládùúgbò

Ọ̀pọ̀ ìkùnà ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdáhùn bpf_fib_lookup tí ètò kò kà dáadáa. Òdo túmọ̀ sí pé ọ̀nà wà, MAC sì wà. 5 ń sọ pé wọn kò fún káàdì tí pákẹ́ẹ̀tì bá wọlé ní àṣẹ ìtaari. 8 ń sọ pé pákẹ́ẹ̀tì tóbi ju ohun tí ọ̀nà lè gbà lọ. Èyí tó ń dàmú ènìyàn jù ni 7: ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n kernel kò ní MAC aládùúgbò náà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Bí ètò bá ju pákẹ́ẹ̀tì nù nígbà tó gba 7, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kernel ni í máa ń fi ARP béèrè pé, «Ta ló ni 10.20.2.9?», ohun tó sì ń mú un béèrè ni pákẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí pákẹ́ẹ̀tì kankan kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní béèrè. Bí kò bá béèrè, kò ní mọ̀. 7 náà ni yóò sì máa dáhùn títí. Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba ju ìlà kan: kí ètò dá XDP_PASS padà. Kernel á taari pákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, á kọ́ MAC náà, XDP á sì gba àwọn tó kù. Bákan náà ni a ṣe ń ṣe sí 8, àti sí pákẹ́ẹ̀tì tí TTL rẹ̀ ti kù sí 1, nítorí kernel ni yóò kọ lẹ́tà ICMP padà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́.

Àìsàn yìí máa ń fara pamọ́. Bí ẹni tó ń dán ètò wò bá ti fi ping kan 10.20.2.9 láti orí kọ̀ǹpútà àárín náà ṣáájú, MAC ti wà nínú àkọsílẹ̀, gbogbo nǹkan á sì máa lọ geere lójú rẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ padà lẹ́yìn tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ kí àṣírí tó tú.

XDP_REDIRECT kì í ṣe ẹ̀rí

Bí xdpdump bá sọ pé ìdájọ́ ni XDP_REDIRECT, pákẹ́ẹ̀tì lè má tíì lọ síbì kankan. Ìbéèrè lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn; ẹ̀yìn tí ètò ti parí ni kernel ń wo bóyá ó ṣeé ṣe, bí kò bá sì ṣeé ṣe, á ju pákẹ́ẹ̀tì nù láìpadà wá sọ fún ètò náà. Ohun tí ó ń sọ, tracepoint ni ó ń sọ ọ́ fún: xdp:xdp_redirect_err, tí a lè fi bpftrace tàbí perf gbọ́. Nọ́ńbà tó bá sọ ni kọ́kọ́rọ́. -95 ni pé driver káàdì tí à ń rán an lọ kò mọ bí a ṣe ń gba pákẹ́ẹ̀tì lọ́nà yìí. -100 ni pé káàdì náà ti kú sílẹ̀. -90 ni pé pákẹ́ẹ̀tì gùn ju MTU rẹ̀ lọ.

Àwọn driver kan wà tó jẹ́ pé wọn kì í ṣètò ìlà ìfiránṣẹ́ fún XDP àfi bí a bá so ètò XDP kan mọ́ káàdì náà, kódà kí iṣẹ́ ètò ọ̀hún má ju XDP_PASS lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, ètò wà lórí eth0 ṣùgbọ́n eth1 ṣófo; èyí nìkan tó láti dá ìrìnàjò dúró. Bí a bá sì ń lo àkọsílẹ̀ devmap, ìṣípòpadà máa ń wáyé ní ìdì pákẹ́ẹ̀tì tí kì í ju 16 lọ, tracepoint xdp:xdp_devmap_xmit ni ó sì ń sọ iye tó lọ àti iye tó ṣòfò.

Nígbà tó dé ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà á

Pákẹ́ẹ̀tì lè kúrò ní eth1 kí ó sì dé Ìfọ́n láìwúlò. Bí ètò bá gbàgbé láti yí MAC padà, káàdì ẹni tó yẹ kó gbà á yóò kọ̀ ọ́. Níbí, tcpdump tún lè tan ènìyàn jẹ lọ́nà kejì: ó máa ń mú kí káàdì gba ohun gbogbo, nítorí náà pákẹ́ẹ̀tì á hàn lójú rẹ̀, síbẹ̀ kernel á jù ú nù. Bí a bá yí TTL láìtún iye àyẹ̀wò orí IP ṣe, ẹni tó gbà á á dákẹ́ jù ú nù. Àṣẹ nstat lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi IpExtInCsumErrors tó ń pọ̀ sí i hàn. Ètò bíbáìtì náà ń ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Nẹ́tíwọ̀kì ń kọ báìtì tó tóbi ṣáájú, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní sì ń kọ èyí tó kéré ṣáájú. Ètò tó ń wá pọ́ọ̀tù 80 láìlo bpf_ntohs á bá 20480 pàdé.

Verifier, tí í máa yẹ gbogbo ètò eBPF wò kí kernel tó gbà á, kì í rí èyíkéyìí nínú àléébù wọ̀nyí. Pé ètò náà kò ní ba kernel jẹ́ ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe pé ó mọ̀nà. Fún ìyẹn, BPF_PROG_TEST_RUN wà láti Linux 4.12: a lè fi pákẹ́ẹ̀tì àtọwọ́dá fún ètò kí a sì yẹ báìtì tó dá padà wò. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kì í ran káàdì gan-an, nítorí náà ó ń fi XDP_REDIRECT hàn níbi tí eth1 yóò ti kọ̀ ọ́. Láti Linux 5.18, ní ọdún 2022, ni a ti lè ní kí ìdánwò náà fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ gba káàdì jáde ní tòótọ́.