Ilé Orí Òpó àti Ògiri tí Ń Mu Omi: Ìtàn Àtúnṣe Ilé ní Òde Ugbò

Ọ̀rọ̀ ilé ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ilé tí bàbá kọ́ tí ọmọ jogún. Ní Òde Ugbò, tí í ṣe olú ìlú Ọlúgbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti ní àwọn ìletò etí omi tó yí i ká, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá nílé bàbá wọn ni ògiri tó ń bó láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà tó ń wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, àti iyọ̀ funfun tó ń hù lára sìmẹ́ǹtì. Wọ́n a sì wí pé ilé náà ti gbó, àfi kí á wó o. A fẹ́ kí ẹ bá wa wò ó bóyá ọjọ́ orí ló ń pa irú ilé bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé Ìlàjẹ, kí ó kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Etí òkun Èkó àti ti Lẹ́kí, iyanrìn ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lọ sí ìlà oòrùn tó dé agbègbè Mahin, iyanrìn á tán, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa bá a lọ fún ohun tó ju 70 kìlómítà lọ títí dé ẹnu odò Benin. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, omi iyọ̀ ń wọ inú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ta ni yóò gbé ògiri wúwo ka orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn baba ńlá Ìlàjẹ kò gbé e. Òpó igi etí omi, irú èyí tó ń ta gbòǹgbò sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn, ni wọ́n rì mọ́ inú ẹrẹ̀. Wọ́n tẹ́ pákó sórí òpó. Ọ̀pá ògùrọ̀ ni ògiri, ewé ògùrọ̀ tí wọ́n hun ni òrùlé. Omi ń kọjá lábẹ́ ilé, atẹ́gùn ń gba ara ògiri wọlé. Bí òjò bá rin ín láàárọ̀, oòrùn lè ti gbẹ ẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ògùrọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn Ugbò. Nínú ìtàn Mọ́remí tí gbogbo wa gbọ́ láti kékeré, àwọn tó ń da Ifẹ̀ láàmú fi ìko bora, iná ni wọ́n sì fi ṣẹ́gun wọn. Àwọn ará Ugbò ní àwọn baba ńlá tiwọn ni ìtàn náà ń sọ. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀, a kò sì ní dá sí i níhìn-ín. Àmọ́ iná tó jẹ́ ọ̀tá ìko nínú ìtàn yẹn náà ni ọ̀tá ilé ògùrọ̀: ẹ̀ta-iná kan láti ibi ìdáná tó láti jó àdúgbò.

Kò sí ẹni tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tó rò pé òun ti parí iṣẹ́. Ewé òrùlé kì í pẹ́ kó tó jẹrà. Òpó pẹ̀lú a máa jẹrà, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ nígbà gbogbo, bí kò ṣe níbi tí omi àti atẹ́gùn ti pàdé, níbi tó ti ń rin tó sì tún ń gbẹ bí omi ti ń kún tó sì ń fà. Nítorí náà, àtúnṣe ilé wà lára iṣẹ́ ọdún, bí àtúnṣe àwọ̀n àti ọkọ̀. Òpó kan bàjẹ́, wọ́n a rì òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé kò sì ní wó. Nígbà tí àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá Ayétòrò sílẹ̀ ní 1947, orí òpó náà ni wọ́n kọ́ ọ lé, tó fi mọ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n fi pákó tẹ́. Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: àjọṣe ni wọ́n fi kọ́ ìlú wọn, àjọṣe ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn páànù ni sìmẹ́ǹtì wá gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, owó epo rọ̀bì sì dé lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní 1975, sìmẹ́ǹtì tí ìjọba àpapọ̀ ti béèrè láti òkè òkun tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, ó sì pọ̀ ju ohun tí èbúté Èkó lè gbà lọ́dún lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, òmíràn nínú ẹrù wọn sì dì sínú àpò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rinrin ti borí sìmẹ́ǹtì kó tiẹ̀ tó di ilé!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé búlọ́ọ̀kù di àmì ọlá ní etí omi, tí ilé sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó wá jókòó sórí ẹrẹ̀. A kò bá sìmẹ́ǹtì jà. Kì í gbiná bí ògùrọ̀, olè kò sì lè fi ọ̀bẹ là á. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni èrò tó bá a wá, pé ilé tí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àtúnṣe títí ayé.

Ẹ wo fìtílà. Epo wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ òwú ń fà á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ṣe ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì lè fà á gòkè tó mítà kan. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi náà kò dá wá, iyọ̀ ń bá a bọ̀. Bí omi bá dé ojú ògiri, atẹ́gùn á gbé e lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á dì, á sì máa ti ìrẹ́ ògiri jáde díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ yìí kan náà tún ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ògiri fi ń rin lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Bí ó bá dé ibi irin inú kankéré, irin á dípẹtà, á wú, á sì la òpó sí méjì. Bí iyanrìn tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì bá wá láti inú omi iyọ̀, tí wọn kò fi omi tó dára fọ̀ ọ́, a jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ ni àrùn náà ti wà lára rẹ̀.

Kí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọ́n a pe bíríkìlà kó rẹ́ sìmẹ́ǹtì tuntun lé ti àtijọ́, wọ́n a kun ọ̀dà olóòróró, tàbí kí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn. Omi kò lọ. Ibi tí yóò gbà jáde ni wọ́n dí, yóò sì gun òkè sí i. Kí ẹ tó náwó, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ara ògiri, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ̀yìn ọ̀rá ló bá rin, láti inú ògiri ni omi ti ń wá. Bí iwájú rẹ̀ ni, ooru àti èémí inú yàrá ni. Fèrèsé ni kí ẹ ṣí. Ẹ yẹ òrùlé, ojú àgbàrá àti páìpù wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣá ìrẹ́ tó ti mu iyọ̀ kúrò títí kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ náà dànù, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, nítorí ńṣe ni omi yóò dá a padà sínú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ ògiri kí ẹ tó tún un rẹ́ pẹ̀lú iyanrìn odò tí a fọ̀. Ẹni tó ń kọ́ tuntun, kí ó tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sáàárín ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, kí ó sì gbé ilẹ̀ yàrá ga.

Àmọ́ o, èyí tí òkun fúnra rẹ̀ ń jẹ kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, iṣẹ́ ìjọba sì ni ìdènà irú omi bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa rẹ́ ògiri tí ìgbì ti dé ìdí rẹ̀.

Àwọn tí ilé wọn jẹ́ alámọ̀ ní orí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ níbí. Bí a bá rẹ́ sìmẹ́ǹtì sára amọ̀, yóò há omi mọ́ ọn, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi ya lulẹ̀. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n tún kọ́ ní 1907, amọ̀ ni látòkè délẹ̀, amọ̀ náà ni wọ́n sì fi ń tún un rẹ́. Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde sí iṣẹ́ náà: àwọn ọ̀dọ́ ń ru amọ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi, àwọn bíríkìlà ń gun igi tó yọ jáde lára ògiri. Òjò líle wó apá kan ilé gogoro rẹ̀ ní 2009, wọ́n sì tún un mọ.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ilé ẹbí. Nínú òfin ẹ̀sìn wa, bí ẹnìkan bá fi ilé ṣe waqf, owó tó bá ti ara rẹ̀ wọlé, àtúnṣe ilé náà ni a ó kọ́kọ́ fi ṣe, kó tó kan àwọn tí a fi í ṣe àǹfààní fún, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó fi í sílẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé bàbá kì í ṣe waqf, ogún ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ méje tó ń pín owó ayálégbé yàrá méjì lọ́dọọdún lè jókòó, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé owó oṣù mélòó kan yóò máa jẹ́ ti òrùlé àti ògiri, kí wọ́n tó pín èyí tó kù.