Òpó Tó Ń Ríran, Tó Sì Ń Ṣírò: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Aláìlókùn Ìran Kẹfà

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìran kẹfà, 6G, ni ètò ìbánisọ̀rọ̀ aláìlókùn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí, tí wọ́n sì ń retí pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ ará ìlú ní nǹkan bí ọdún 2030. Ohun méjì pàtàkì wà nínú rẹ̀. Èkíní ni edge computing, ìyẹn gbígbé kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá wá sí ìtòsí ẹni tó ń lò ó, ní ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí láàárín ìlú, dípò kó wà nínú ilé ìkó-dátà kan lókè òkun. Èkejì ni ìwòye àyíká: ìgbì rédíò tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa á tún máa sọ ohun tó bá pàdé lọ́nà fún wa, ìbáà ṣe ọkọ̀ tó ń bọ̀, òjò tó ń rọ̀, tàbí arúgbó tó ṣubú nínú ilé. Wọ́n sábà máa ń kọ̀wé lórí méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, ìwòye tí kò ní kọ̀ǹpútà nítòsí kò lè wúlò fún ohun tó ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ló bí edge computing. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń sáré tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn MainOne, tó gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Àlọ nìkan á gba mílísẹ́kọ́ńdù 35, àlọ àtàbọ̀ á jẹ́ 70, láìtíì ka àkókò tí àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà ń jẹ. Ẹni tó ń wo fídíò kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan á ti rìn tó mítà 2 kí èsì tó dé, mítà 2 sì tó láti fi pa ọmọ tó ń sọdá títì. Bí ẹ̀rọ tó ń ṣírò bá wà ní ìdí òpó, tí ìdúró kò ju mílísẹ́kọ́ńdù 1 lọ, ọkọ̀ kan náà kò ní rìn ju sẹ̀ǹtímítà 3.

Èrò náà ti pẹ́ díẹ̀. Láti 1999 ni ilé-iṣẹ́ Akamai ti ń kó ẹ̀dà ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì sún mọ́ àwọn òǹkàwé. Ní 2009, Mahadev Satyanarayanan ti Yunifásítì Carnegie Mellon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá kọ̀ǹpútà kéékèèké tí fóònù á máa gbé iṣẹ́ tó wúwo fún. Ní 2014, àjọ ETSI ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlànà tó máa gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wọnú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ ẹ. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, iṣẹ́ báǹkì sì ṣe ségesège ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá wà nílé kò ní dúró de ẹni tó ń tún okùn ṣe nísàlẹ̀ òkun.

Ní ti ìwòye, ìgbì rédíò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ríran. Ní 26 oṣù Kejì 1935, Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins gbé ẹ̀rọ agbàgbì sínú ọkọ̀ kan, wọ́n dúró sí pápá kan nítòsí Daventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò kọ́ ẹ̀rọ atangbì tuntun. Èyí tí BBC fi ń bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀ ni wọ́n lò. Bàlúù ológun kan, Heyford, ń fò lọ fò bọ̀ lókè. Ìgbì rédíò BBC ń kọlù ú, ó sì ń padà sọ́dọ̀ wọn bí igbe tí ènìyàn ké sí ẹsẹ̀ òkè ṣe ń padà sí i létí. Bí bàlúù náà ṣe ń sún mọ́ wọn ni ohun tó wà lójú ẹ̀rọ wọn ń yí padà. Wọ́n ń rí i títí dé nǹkan bí kìlómítà 13. Ráda ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ráda àti ìbánisọ̀rọ̀ pínyà, tí kálukú ní ẹ̀rọ tirẹ̀ àti ìgbì tirẹ̀. 6G fẹ́ dá wọn padà sójú kan.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù lọ ni ti òjò. Òpó kan máa ń fi ìgbì maikirowéèfù bá òpó kejì sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ láàárín wọn, omi á gbà lára agbára ìgbì náà, ohun tó máa dé òdìkejì á sì dín kù. Ìyọnu lèyí jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní 2006, Hagit Messer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tel Aviv fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé a lè fi àdínkù yẹn ṣírò iye òjò tó rọ̀. Ní àsìkò òjò 2012, àwọn olùwádìí mìíràn dán an wò ní Burkina Faso láàárín òpó méjì tí ìgbì wọn wà ní 7 GHz, tí wọ́n sì jìnnà síra ní kìlómítà 29. Nínú gbogbo ọjọ́ tí òjò rọ̀, wọ́n mọ ìdá 95 nínú 100. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún àgbẹ̀ ní agbègbè tí ẹ̀rọ ìwọ̀n-òjò kò pọ̀, tí ráda ojú ọjọ́ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nílùú, tó wà lóko! Wọn kò ra ẹ̀rọ ìwòye kankan. Ohun tí òpó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kà.

Bí ojú ọ̀nà ìgbì ṣe fẹ̀ tó ni ìwòye rẹ̀ ṣe ń mú tó. Bí ojú ọ̀nà náà bá fẹ̀ tó 100 MHz, nǹkan méjì tí kò jìnnà síra tó mítà 1.5 á dà bí ẹyọ kan lójú rẹ̀. Ní 400 MHz, èyí tí 5G lè lò lórí ìgbì gíga, ó di sẹ̀ǹtímítà 37.5, ní 1 GHz, sẹ̀ǹtímítà 15. Wi-Fi inú ilé náà ní irú agbára yìí: ní 2013, Dina Katabi àti Fadel Adib ní MIT fi í mọ ìrìn ènìyàn tó wà lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ITU, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, fọwọ́ sí ìlànà M.2160 lórí 6G ní oṣù Kọkànlá 2023, ìwòye wà lára iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n kà sílẹ̀ fún un.

Ibí ni ẹ̀ka méjèèjì ti pàdé. Ìgbì tó ń padà bọ̀ sórí eriali 64 lórí òpó kan ń mú dátà rẹpẹtẹ wá. Bí a bá ní ká kó gbogbo rẹ̀ lọ sókè òkun, ọ̀nà á kún, ohun tó bá sì padà wá á ti di ìròyìn àná. Kọ̀ǹpútà ìdí òpó á ka ìgbì náà lójú ẹsẹ̀, á yọ ohun tó ṣe pàtàkì, á wá fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́: ọkọ̀ kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ó ku mítà 40. Ìwòye náà ń ran ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́, torí òpó tó bá mọ ibi tí oníbàárà rẹ̀ wà lè dojú ìgbì kọ ọ́ tààrà, kó má fi agbára ṣòfò.

Ṣùgbọ́n iná mànàmáná jẹ́ ìṣòro. Ọ̀pọ̀ òpó ní Nàìjíríà ṣì ń gbára lé jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì, kọ̀ǹpútà tí a bá sì fi kún un á tún jẹ iná sí i. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ti àṣírí ènìyàn. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òun wà lè pa fóònù rẹ̀. Kí ni yóò pa nígbà tí ara rẹ̀ gan-an bá ń dá ìgbì padà? Kò gbé fóònù dání, kò fọwọ́ sí ìwé kankan, síbẹ̀ òpó á mọ ìgbà tó jáde nílé àti ìgbà tó wọlé.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ti fún ẹni tó ni dátà ní ẹ̀tọ́. Ó yẹ kí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kọ́lé lé e. Kí wọ́n tó ta ìgbì 6G fún ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé dátà ìwòye tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí kò gbọdọ̀ kúrò ní ìdí òpó, kí wọ́n sọ iye wákàtí tó lè lò níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí wọ́n sì sọ ẹni tó láṣẹ láti béèrè rẹ̀. Kí àwa aráàlú béèrè fún un nísinsìnyí tí wọn kò tíì ri òpó 6G kankan mọ́lẹ̀.